Ta ló lè pè mí nígbàkigbà tó bá wù ú?

Mo ti gbà tipẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ayé níwọ̀ntúnwọ̀nsì, kó ra nǹkan díẹ̀, kó má sì jẹ gbèsè. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù ló jẹ́ kí n rí i pé ilé èèyàn lè ṣófo, kí ọkàn rẹ̀ sì kún fọ́fọ́.

Mo wá fara balẹ̀ wo gbogbo áàpù orí fóònù mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń tajà ń pè mí, èyí tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí ń pè mí, géèmù tí mi ò ṣí mọ́ náà ń pè mí. Ohùn kan náà tí ọ̀rọ̀ ìyá mi fi ń wọlé ni gbogbo wọn ń lò! Èyí ló dùn mí jù. Tí etí bá ti gbọ́ ohùn yẹn títí, kò ní ka ti ẹnikẹ́ni sí mọ́, títí kan ti ìyá ẹni. Mo pa ìfitónilétí gbogbo wọn. Àwọn èèyàn díẹ̀ ni mo fi sílẹ̀, ìyá mi sì ní ohùn tirẹ̀ lọ́tọ̀.

WhatsApp ló gba àròjinlẹ̀. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2014 ni wọ́n mú àmì búlúù méjì wọlé, èyí tó ń jẹ́ kí ẹni tó kọ̀wé mọ̀ pé a ti kà á. Látìgbà náà, kíkà ti di gbèsè: o rí i, kí ló dé tóò fèsì? Èèyàn lè pa á níbi ètò àṣírí (kò kan ti inú gúrúùpù o, òun náà ò sì ní rí ti ẹlòmíì mọ́). Mo pa tèmi. Àǹtí mi kan ní ṣé mò ń sá fún òun ni. Mo ní, "Rárá o, Àǹtí. Mo fẹ́ máa fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yín kí n tó fèsì ni." Wọ́n ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, máa pè mí." Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pera wa nìyẹn, mo sì ti gbọ́ ìtàn ìdílé wa lẹ́nu wọn tí wọn ò lè tẹ̀ sórí fóònù láéláé.

Ní ti àwọn ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kì í tán bó ti wù kéèyàn yí i lọ sísàlẹ̀ tó, Aza Raskin, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà, ló ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 2006, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ní gbangba pé ó dun òun. Kíkà ò burú, ibi tí èèyàn ti máa ń dúró ronú ni wọ́n mú kúrò. Orí kọ̀ǹpútà nìkan ni mo ti ń wò wọ́n báyìí.

Ó wá ku iṣẹ́. Láti 2017, òfin ilẹ̀ Faransé ní kí iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá aṣojú wọn jíròrò lórí ẹ̀tọ́ láti má fèsì lẹ́yìn àkókò iṣẹ́. Kò sí irú rẹ̀ níbi tí mo wà, torí náà mo lọ bá ọ̀gá mi: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní máa wo ímeèlì lálẹ́ mọ́, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ pè mí, màá gbé e." Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n gbà. Ìpè yẹn kì í sábà wá. Tó bá sì wá, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ le lóòótọ́, mo máa ń gbé e láìbínú.