Ìbò owó ẹyọ ní Bẹ̀nẹ̀: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Kétu tó ń gbé Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìbò àwọn dépútè, ìyẹn àwọn aṣòfin, tọdún 2007, ìgbà tí owó ẹyọ gbòde kan. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ó ti pẹ́ tí Yayi Boni ti ní ẹgbẹ́, irọ́ o. Nígbà tó wọlé ní 2006 tó fi nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀yìn Houngbédji tí wọ́n jọ díje gbálẹ̀, ọ̀gá báńkì la ṣì mọ̀ ọ́n sí, láti BOAD, báńkì ìdàgbàsókè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní Lomé ló ti wá, kò ní ẹgbẹ́ kankan tó dà bí ẹgbẹ́. Ààrẹ ti wà lórí àga ṣùgbọ́n ilé aṣòfin tó wà ní Àjàṣẹ́ níbí, àga 83, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àtijọ́ ló kún bẹ̀ fọ́fọ́. Ìyẹn ni wọ́n ṣe kó àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké jọ tí wọ́n sọ ọ́ ní FCBE, Forces Cauris pour un Bénin émergent, àwa kàn ń pè é ní Cauris ní tiwa, ìyẹn owó ẹyọ lédè Faransé, òun náà ni àmì wọn lórí ìwé ìbò. Ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni wọ́n dá fún ìbò, ètò ò tò, wọ́n sún un sí 31.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà yẹn, mo wálé sí Kétu torí ìbò yẹn, ohun tí mo bá nílé ni pé ibi tí ìjà wà gan-an, wọ́n ti jà á tán kí n tó dé. Kì í ṣe ìjà Cauris àtàwọn alátakò o, ìjà ta ló máa wà lókè lísìtì orúkọ tí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀ ni. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ti ń pariwo Yayi látìgbà tẹ́nikẹ́ni ò tíì mọ̀ ọ́n, tó ń fi mọ́tò ara ẹ̀ gbé èrò lọ sí mítìn, àwọn àgbà ẹgbẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ wá fi sípò súpléáǹ lẹ́yìn ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Kútọnu. Bàbá bínú, ó láwọn ọmọ ẹ̀ ò gbọdọ̀ dìbò, òun alára ò ní jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò mo rí i lórí ìlà níwájú mi, a kí ara wa, kò wojú mi. Cauris ṣe ipò kìíní pẹ̀lú àga 35, àwọn alátakò ADD tẹ̀lé wọn pẹ̀lú 20. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Aránṣọ, Pobẹ̀

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rántí jàre! Ọkùnrin kan tó ń bá wọn kó èrò ló gbé fìlà wá bá mi, ó ní kí n ran owó ẹyọ gidi mọ́ ọn níwájú, kì í ṣe èyí tí wọ́n yà. Ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀yìn owó ẹyọ le, tẹ́ ẹ bá kàn fi abẹ́rẹ́ gún un abẹ́rẹ́ á kán. Èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ìṣó lu ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́jẹ́ títí tó fi máa fọ́, a ó wá fi òkúta rin etí ihò náà torí tó bá mú, ó máa gé òwú, kó tó di pé à ń rán an. Gbogbo ìka wa funfun. Owó ẹyọ wá gbówó lórí lọ́jà, àwọn tó ń ta nǹkan ifá ló jẹun jù nínú ìbò yẹn ní tèmi o. Ìdajì owó ni ọkùnrin yẹn san. Mo lọ béèrè ìyókù, ó ní kí n ṣe sùúrù kí dépútè búra ná, dépútè búra, ó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù.

Ará Ìmẹ̀kọ

Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o 😂 Èmi ọmọ Nàìjíríà ni, ọjà Kétu la máa ń ná, ìbò tiwa náà ń bọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún yẹn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mo bi oníbàárà mi pé ta lo fẹ́ dìbò fún, ó ní Cauris, mo ní èèyàn wo, ó ní Cauris náà ni. Kò mọ orúkọ ẹni tó wà nípò kejì. Lọ́dọ̀ tiwa èèyàn kan pàtó lo máa rán lọ sí Abuja, tó bá sùn síbẹ̀ o mọ ẹni tí wàá bú. Kí tiẹ̀ ni súpléáǹ yẹn gan-an?

Mo ṣiṣẹ́ ìbò ní 2011

Ará Ìmẹ̀kọ, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ìtòsí Ìdàṣà ni wọ́n pín mi sí, ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, 2011, lẹ́yìn tí Yayi wọlé lẹ́ẹ̀kejì, tí ariwo LEPI ò sì tíì rọlẹ̀, torí àwọn kan ní orúkọ àwọn ò sí nínú lísìtì olùdìbò tuntun yẹn. Ìyá àgbà kan gba ìwé ìbò, ó yí i sókè yí i sísàlẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, Yayi dà?” Kí ni kí n sọ? Yayi ò sí lórí ìwé lóòótọ́, òfin ò sì gbà kí n nawọ́ sí nǹkan kan. Mo ní, “Màmá, ẹ wò ó fúnra yín.” Ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tá à ń kà á lálẹ́, ìwé kan jáde tí yíǹkì ti ṣàn láti orí owó ẹyọ bọ́ sórí àmì kejì, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí ìwé fi fẹ́ ya. Mo mọ̀ nínú mi pé ti màmá ni, mi ò lè sọ. Àga 41 ni Cauris gbà, àwọn alátakò Union fait la Nation gba 30. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó ku ẹyọ kan péré kó pé ìlàjì 83 lọ sókè.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ṣì ní ìjà lórí ìwé ìbò, ẹ ṣe oríire. Ní 2019, lísìtì méjì péré ló wà níwájú wa, Union Progressiste àti Bloc Républicain, ti Talon tó jẹ́ ààrẹ nígbà yẹn sì ni méjèèjì. Àwọn alátakò ò rí ìwé àṣẹ gbà, Cauris náà wà nínú wọn. Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, íntánẹ́ẹ̀tì kú láti àárọ̀, mo lọ síbùdó ìbò láti wòran, àwọn òṣìṣẹ́ ń tògbé. Ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde káàkiri orílẹ̀-èdè. Wọ́n pín àga láàárín ara wọn, 47 àti 36. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ lóṣù kẹfà, mi ò ní kọ ọ́ síbí, ẹni tó wà ńlé mọ̀ ọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e Yayi fúnra ẹ̀ kúrò nínú FCBE, ẹ wò ó, owó ẹyọ ṣẹ́kù láìsí ẹni tá a torí ẹ̀ ń ná an. Ní 2023 àwọn èèyàn ẹ̀ ti wà ní Les Démocrates, wọ́n gba 28 nínú àga 109.

Mo ṣiṣẹ́ ìbò ní 2011

Ará Ìmẹ̀kọ, súpléáǹ rèé: dépútè kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnì kan tí orúkọ ẹ̀ so mọ́ tiẹ̀ lórí lísìtì. Tí dépútè bá kú, tàbí tí ààrẹ bá fi ṣe mínísítà, súpléáǹ ló máa jókòó. Ẹgbẹ́ ìjọba sì ni mínísítà ti máa ń jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jà dù ú lọ́dọ̀ wọn ju ibòmíì lọ.

Ará Ìmẹ̀kọ

Háà, ó wá yé mi. Bàbá Kétu yẹn ò wá ya òmùgọ̀ nígbà tó jáde wá dìbò o! Ẹni tó bá ní fọ́tò fìlà ìyá aránṣọ kó jọ̀ọ́ gbé e síbí.