Tíátà wo l'Ékòó ni kí n mú Màmá mi lọ?

Ọmọ Ìjọ̀kà:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó tẹ́ ẹ wà níbí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sá lọ Èkó tẹ́ ẹ fi wá sílẹ̀. Èmi àti Màmá mi ń lọ Èkó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ àbúrò wọn ń relé ọkọ ní Ìkọ̀tún, a ó sì lò tó ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Màmá ti lé láàádọ́rin ọdún. Wọn ò ní àwọn fẹ́ rí òkun, wọn ò ní àwọn fẹ́ lọ mọ́ọ̀lù, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí n ṣe fún àwọn ni kí n mú àwọn lọ wo tíátà. Tíátà gidi o, káwọn èèyàn dúró lórí ìtàgé kí wọ́n máa ṣeré. Mo ní Màmá, gbogbo fíìmù tẹ́ ẹ ń wò lálaalẹ́ yìí ńkọ́, wọ́n ní ìyẹn kì í dá èèyàn lóhùn.

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wí, àfi ìgbà tí wọ́n tún mú ìtàn kan tí mo ti gbọ́ tó ìgbà ogún bọnu. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge ní Oǹdó, ẹgbẹ́ alárìnjò kan wá sílùú, wọn ò rántí orúkọ ẹgbẹ́ náà mọ́, mọ́tò wọn ti ń yí ìlú po látọ̀sán tí wọ́n ń fi láúdípíkà kéde, nígbà tó máa dalẹ́ họ́ọ̀lù iléèwé ti kún dẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti gbé májèlé fún ọba inú eré pé kó mu, Màmá ò mọ ìgbà tí wọ́n dìde tí wọ́n kígbe pé Kábíyèsí, ẹ má mu ún o, májèlé ni! Ni ọba bá gbé ife sílẹ̀, ó wo Màmá, ó ní "Ọmọge, ṣé ìwọ lo pò ó ni?" Ẹ̀rín pa gbogbo họ́ọ̀lù. Kábíyèsí padà mu ún ṣá o, ó sì kú. Ṣùgbọ́n Màmá ní àwọn ni ọba bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn láyé.

Mo wá wá a lórí Google, orí mi dàrú. Terra Kulture, MUSON, Freedom Park, Ìgánmú, eré olórin lọ́tùn-ún, aláwàdà lósì, òpérà pàápàá wà ńbẹ̀. Èwo nínú ẹ̀ ni kí n mú ẹni tó máa dìde bá ọba sọ̀rọ̀ lọ? Owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ o.

Ará Sùúrùlérè:

Haa, Màmá yín wù mí o!

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Tó bá jẹ́ Áílándì, Terra Kulture ní Victoria Island lẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn jù, Bọ́láńlé Austen-Peters ló ni ín, ọdún 2003 ló dá a sílẹ̀, ọdún 2017 ló wá kọ́ họ́ọ̀lù tíátà sí i. Eré olórin ni wọ́n fi gbajúmọ̀, wọ́n ti fi ìtàn Fẹlá àtàwọn ìyàwó ẹ̀ ṣeré, iná á máa ṣẹ́ bíi mọ̀nàmọ́ná, ijó á dùn débi pé orí ìjókòó kò ní gbà yín. Ìgbà Kérésì àti Àjíǹde ni irú àwọn eré bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Àmọ́ èdè òyìnbó pọ̀ nínú ẹ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sì lè gbé èèyàn láti Àkúrẹ́ dé Èkó kó tún gbé e padà.

Ẹ wo èyí tójú mi rí. Mo mú ìyá ìyàwó mi lọ wo eré kan lọ́dún kan, ibòmíì ni o, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Agogo mẹ́ta ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, agogo márùn-ún ti kọjá kí wọ́n tó tanná sí sítéèjì. Ìtàn ayaba Yorùbá ayé àtijọ́ ni, òyìnbó ni wọ́n ń sọ bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n gbé òkú ọkọ ayaba wọlé tí ayaba wá rántí pé ọmọ Yorùbá lòun, ló bá figbe ta, "Yéè, ọkọ̀ mi! Ọkọ̀ mi o!" Ìyá kan tó wà lẹ́yìn wa ní "mọ́tò ẹ̀ dà?" Ìyá ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, ni ọmọbìnrin oníyúnífọ́ọ̀mù kan bá wá tan tọ́ọ̀ṣì sí wa lójú pé ká pa ẹnu mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, àwọn ló pa wá lẹ́rìn-ín, àwọn ló tún ní ká má rẹ́rìn-ín. Inú irú họ́ọ̀lù oní-AC bẹ́ẹ̀, ojú ni wọ́n ní kẹ́ ẹ mú wá, wọn ò ní kẹ́ ẹ mú ẹnu dání.

Ìgánmú náà wà o, National Theatre, ilé tó dà bíi fìlà sójà yẹn. Ọdún 1976 ni wọ́n ṣí i torí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú gbogbo àgbáyé, họ́ọ̀lù tó tóbi jù nínú ẹ̀ gba èèyàn 5,000 nígbà náà. Ó bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n fi orúkọ Ṣóyínká sọ ọ́ ní 2024, wọ́n sì ṣí i padà ní 2025. Kẹ́ ẹ wo ohun tó bá wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé.

Tíṣà Oǹdó:

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin èwe. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ o, ẹ fojú fo ọ̀rọ̀ mi tó bá gùn.

Mo mọ ohun tí Màmá yẹn ń wá. Àwọn alárìnjò ìgbà yẹn, wọn kì í kọ́ ọ̀rọ̀ eré sórí bí ọmọ iléèwé ṣe ń kọ́ kátíkísìmù. Ọ̀gá á sọ bí ìtàn ṣe máa lọ, oníkálùkù á mọ ibi tó ti máa wọlé, ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu ẹ̀, ojú agbo ló ti ń wá a. Ìyẹn ni ọba fi ráyè dá Màmá lóhùn. Òṣèré tó ka ọ̀rọ̀ látinú ìwé, tó kó o sórí tán, tẹ́ ẹ bá ké sí i lórí sítéèjì, ẹ ti ba tiẹ̀ jẹ́ nìyẹn, ó lè má rántí ibi tó bá a dé mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Màmá lẹni àkọ́kọ́ tó máa torí tíátà gbéra nílé lọ Èkó. Hubert Ògúndé fúnra ẹ̀, ọ̀gá àwọn alárìnjò, Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń ṣe nígbà náà, Glover Memorial Hall, oṣù kẹfà ọdún 1944, eré ṣọ́ọ̀ṣì lórí ọgbà Édẹ́nì. Nígbà tó di 1964 ló gbé Yorùbá Ronú jáde, eré náà ta ìjọba lára, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ ẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn sì ni àwa ní Oǹdó àti Àkúrẹ́ wà. Ó di 1966 tí àwọn sójà gbàjọba kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Èkó ò sí nínú ẹ̀ ní tiẹ̀, torí abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà. Bàbá mi àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì ló wọ bọ́lẹ̀kájà lọ Èkó nítorí Ògúndé, ìyá mi ò sì yé fi bú wọn títí wọ́n fi kú.

Kí ará Sùúrùlérè má wá máa fi Ìgánmú yangàn sí wa o, jàre. Eré tí Nàìjíríà gbé lọ síbi FESTAC lọ́dún 1977, Lángbòdó ni, Wálé Ògúnyẹmí ló kọ ọ́, Dàpọ̀ Adélùgbà ló darí ẹ̀, inú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ ní 1938 ni wọ́n sì ti fa ìtàn náà yọ. Níbo ni Fágúnwà ti wá? Òkè-Igbó, níbí yìí!

Ohun tó pa alárìnjò kò ṣòroó mọ̀. Nígbà SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba Babangida tó mú kí nǹkan wọ́n, owó páàtì mọ́tò wọ́n, àwọn olè gba ojú ọ̀nà lóru, fídíò wá dé, ó bá wọn parí ẹ̀. Họ́ọ̀lù pọ̀ l'Ákùúrẹ́ lónìí, ìnáwó ló ń gba ibẹ̀ lọ́wọ́ eré. Tẹ́ ẹ bá ti dé, ẹ mú Màmá wá wo àwọn ọmọ tíátà ní yunifásítì Adéyẹmí lọ́dọ̀ wa níbí nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré ìdánwò wọn. Akùngbá náà ní tiwọn.

Àǹtí Alágbàká:

Ẹ ṣé gan-an ni sà. Mo gbé Yábàá l'Ékòó fún ọdún mẹ́fà kí n tó padà wálé, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi.

Freedom Park ni kẹ́ ẹ lọ. Lágbo ìta ni, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, wọ́n ń yan ẹja, èèyàn ń wọlé èèyàn ń jáde, tí Màmá bá sọ̀rọ̀ kò sẹ́ni tó máa tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ayé àwọn òyìnbó ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, ọdún 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Àmọ́ nǹkan kan wà tẹ́ ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún Màmá kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀ o: ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni sítéèjì ńlá wà. Ẹnu ò jẹ́ kí èmi dákẹ́, mo sọ fún ìyá mi, wọ́n ti ń mu zobo lọ́wọ́ o, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n gbé báàgì, wọ́n ní àwọn ò lè jókòó máa wo ijó níbi tí wọ́n pa ọmọ ọlọ́mọ sí. Bá a ṣe lọlé nìyẹn, eré ò tíì bẹ̀rẹ̀.

MUSON ní Oníkàn, ti píànò àti òpérà ni, ó dáa o, àmọ́ ibẹ̀ parọ́rọ́ débi pé tí ikọ́ bá ń gbọ̀n yín, ẹ máa gbé e mì ni. Tó bá jẹ́ pé ìgbà Èyò lẹ bọ́ sí, ìyẹn ọ̀fẹ́, eré Adámú Òrìṣà làwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ń pè é, kì í sì í ṣe ọdọọdún. Màmá ò ní lè wé gèlè lọ síbẹ̀ o, wọn ò sì ní lè wọ sálúbàtà.

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé:

Ibi aláwàdà ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ jàre. Ẹni tó wà lórí sítéèjì níbẹ̀ ń dáni lóhùn dáadáa, kódà kẹ́ ẹ má sọ nǹkan kan! Ẹ má ṣáà jókòó níwájú, bùbá tẹ́ ẹ wọ̀ ni wọ́n máa fi ṣẹ̀fẹ̀ fún ìdajì wákàtí.

Ọmọ Ìjọ̀kà:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Tíṣà, ẹ kú orí ire o, Màmá ní àwọn mọ bọ́lẹ̀kájà yẹn dáadáa. Ti Freedom Park yẹn wù mí, àmọ́ láti Ìkọ̀tún dé ibẹ̀ ńkọ́? Orúnkún Màmá ò gba kí wọ́n jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀.

Ará Sùúrùlérè:

Ìkọ̀tún! Mo mà kà á o, mi ò sì fọkàn sí i, ẹ má bínú. Ìjọba Èkó kọ́ tíátà mẹ́rin káàkiri, ọ̀kan ní Orégùn, ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan ní Àgbádárìgì, ọ̀kan tó kù ní Ìgándò. Ìgándò sì rèé, ẹ̀gbẹ́ Ìkọ̀tún níbẹ̀! Kí lẹ wá ń wá kọjá afárá? Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà leré ń wà níbẹ̀ o, ẹ rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyàwó lọ béèrè lẹ́nu géètì kẹ́ ẹ tó múra. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé Yorùbá ni, torí wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní kí wọ́n ṣí fídíò ìpolówó ẹ̀ fún yín lórí fóònù, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọkọ̀ mi, ẹ máa bọ̀ nílé.

Tó bá sì jẹ́ Áílándì náà lẹ padà máa lọ, Sọ́ńdè ni o, ọ̀sán. Tẹ́ ẹ bá lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, orí afárá leré máa parí sí.

Ọmọ Ìjọ̀kà:

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún Màmá. Ti ọkọ̀ mi yẹn, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì fún wọn. Ìgándò ni wọ́n mú, wọ́n ní tí kò bá séré níbẹ̀ àwọn á lọ Freedom Park, pé ti ibi tí wọ́n ti ń yẹgi yẹn, àwọn ti gbọ́, kò kan àwọn. Wọ́n wá ní kí n bi yín bóyá tíkẹ́ẹ̀tì iwájú wọ́n ju ti ẹ̀yìn lọ, àwọn fẹ́ jókòó níwájú. Mo ní ṣé torí etí yín ni, wọ́n ní etí àwọn ò ṣe nǹkan kan, ohùn àwọn ló ti fẹ́lẹ́, káwọn tó wà lórí sítéèjì lè gbọ́ àwọn ni.