Tókì-wókì oko Kétu tí kò dé ilé

Ọmọ Kétu, Lyon: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Mo ra tókì-wókì méjì níbí, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀. (Ẹ̀yin ti Nàìjíríà ní wọkí-tọkí ni, ẹ má bínú, Faransé ló dorí orúkọ ọ̀hún kodò fún wa.) Oko wọn jìnnà sílé tó kìlómítà 6, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ibẹ̀ sì ń ṣe ségesège. Lára páálí, wọ́n kọ kìlómítà 10. Àmọ́ gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ti kọjá igbó ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilé, ariwo ṣáá ni. Ṣé kí n wá èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Bàbá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): Àbúrò, má tíì náwó. Kì í ṣe agbára ló kù, gíga ni. Ìgbì irú rédíò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń rìn bí ojú ṣe ń ríran: ibi tí ilẹ̀ bá ti tẹ̀ wọlẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó parí. Tí áńténà bá wà ní ìwọ̀n ẹnu èèyàn, bíi mítà 1.5, ojú ẹ̀ ò ju kìlómítà 5 lọ. Ẹni kejì náà ní 5 tiẹ̀. Pa á pọ̀, ó di 10 orí páálí yẹn gan-an, ṣùgbọ́n níbi tí kò ti sí igi kankan ni. Lójú ọ̀sà wa níbí ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pẹ, kí ẹ dúpẹ́ tẹ́ ẹ bá rí 2.

Wàyí o, kí áńténà ilé gun mítà 9, ojú tiẹ̀ nìkan á di kìlómítà 12. Má wá rò pé mítà 18 á sọ ọ́ di 24 o. Mítà 36 ló ń ṣe ìyẹn. Mítà díẹ̀ àkọ́kọ́ ló lérè jù.

Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́, Montréal: Òótọ́ ni Bàbá sọ. Àwọn àbúrò mi tó ń ṣọ́ oko kajú nílé, ẹni tó bá gun orí àpáta ń gbọ́ gbogbo wọn. Ẹni tó bá bọ́ sẹ́yìn àpáta kan náà, ó di odi. Rédíò kan náà o!

Ará Hamburg: Kó o tó ra òpó áńténà: tó bá jẹ́ PMR446 tí wọ́n ń tà fún gbogbo èèyàn ní Yúróòpù lo rà, ìdajì wáàtì ni, áńténà ẹ̀ ò sì ṣeé tú. Òfin ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. O máa nílò irú mìíràn fún ilé, kí ẹ̀gbọ́n sì gba àṣẹ lọ́dọ̀ ARCEP, àjọ ìjọba Bẹ̀nẹ̀ tó ń bójú tó rédíò àti fóònù, kí wọ́n tó tàn án.

Wáyà ni ẹ̀tàn tó kù. Mo jìyà ẹ̀ rí ní Àjàṣẹ́. Mo gbé áńténà sókè fún àwọn onímọ́tò kan, mo fi wáyà RG-58 tẹ́ẹ́rẹ́ mítà 20 sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wá síbi rédíò. Ohùn wá burú ju ti tẹ́lẹ̀! Lórí ìgbì rédíò bíi 450 MHz, tó o bá fi wáàtì 4 ránṣẹ́, wáyà yẹn á jẹ bíi 3 kó tó dé òkè. Wáyà RG-213 tó nípọn ń jẹ nǹkan bíi 2 nínú 4 yẹn. Di oríkèé ẹ̀ dáadáa kí omi òjò má wọ̀ ọ́.

Bàbá Àjàṣẹ́: Kí òpó náà jìnnà sí wáyà SBEE, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, débi pé, bó bá ṣubú, kò ní kàn án. Kí wọ́n ri wáyà mọ́lẹ̀ fún un pẹ̀lú, kí àrá lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀. Ṣàngó kì í béèrè ìwé àṣẹ.

Ọmọ Kétu, Lyon: Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò wò, rédíò kan náà lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ ọmọ wọn lóko, bó tilẹ̀ ń já. Ìyàwó aládùúgbò ti ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa sọ̀kalẹ̀. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta RG-213 ní Kútọnu?