Ṣé nọ́ńbà ti wà kéèyàn tó dé ni, àbí àwa la dá wọn?

Ọmọ Lágèrè:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka maths ní OAU ló ní àwọn onímaths kì í dá nǹkan kan sílẹ̀, wọ́n kàn ń rí ohun tó ti wà ni. Mo ní kó fi 7 hàn mí nígbà yẹn, kì í ṣe ọsàn méje o, 7 fúnra ẹ̀, kò rí i fi hàn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí i, ó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an.

Bàbá Ẹnuwá:
Ọmọ mi, lọ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ babaláwo l'Ókè Ìtasẹ̀. Awẹ́ mẹ́jọ ló wà lára ẹ̀, mẹ́rin lọ́tùn-ún mẹ́rin lósì, ìkọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú dé. Awẹ́ kan, ọ̀nà méjì ló lè gbà balẹ̀, tó bá di méjì ó di mẹ́rin, mẹ́ta di mẹ́jọ, máa lọ bẹ́ẹ̀ títí wàá fi kan ìkẹjọ, 256 lo máa bá níbẹ̀. Ojú odù 16, ọmọ odù 240. Kí gbogbo ayé fọwọ́ sí i pé kó di 255, kò lè dì í láéláé! Báwo la ṣe máa wá ní àwa la dá a?

Tíṣà Iléṣà:
Bàbá ẹ ṣé, àmọ́ mi ò tíì gbà tán. Ní 1545, Cardano, onímaths kan ní Ítálì, ń wá bó ṣe máa pín 10 sí méjì, tó bá times wọn kó jẹ́ 40. Bẹ́ẹ̀ 5 times 5 gan-an, 25 péré ni, ìyẹn ló sì pọ̀ jù. Ló bá lọ lo root -15, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ pé tá a bá fi times ara ẹ̀, -15 ló máa jẹ́, nǹkan tẹ́nì kankan ò rí rí. Bombelli, onímaths Ítálì míì, wá kọ òfin irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ jáde ní 1572, lónìí àwọn ẹnjiníà iná ń fi ṣiṣẹ́. Èèyàn ló gbé ìyẹn kalẹ̀ jàre.

Ìyá Táyé:
Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ òótọ́. Ẹ wo ayò, èèyàn ló gbẹ́ ihò 12, ló fi ọmọ mẹ́rin mẹ́rin sí i, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti kó tojú ihò kan tẹ́ ẹ ń ta á lọ, ibi tí èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí ò sí lọ́wọ́ yín mọ́. Bó ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú -1 times -1. Ẹ ro 1 pọ̀ mọ́ -1, òdo ni. Ẹ wá fi -1 times àwọn méjèèjì, òdo náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ lápapọ̀, àkọ́kọ́ á fún yín ní -1, èkejì ò rí ibi sá sí, dandan ni kó jẹ́ 1. Kò sẹ́ni tó yàn án bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Iléṣà:
Ìyá Táyé, mo fara mọ́ ti èsì yẹn pátápátá. Ọpọ́n ayò yẹn ni mo ṣì ń sọ, ẹnì kan ló gbẹ́ ẹ.