Odò wa ti dà bí ẹrẹ̀ látìgbà táwọn tó ń fọ góòlù ti dé, ṣé álọ́ọ̀mù tó?

ỌmọYàgbà: Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo délé lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́bàá Ìsánlú ní Kogi, odò tá a ti ń pọnmi tá a sì ń rẹ ẹ̀gẹ́ ti rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì lé, àwọn kan ló ń gbẹ́ etí odò lókè, wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹrẹ̀ ẹ̀ ló ń ṣàn wá bá wa. Màmá mi ju álọ́ọ̀mù sínú ìkòkò lálẹ́, nígbà tó máa fi di àárọ̀ omi ti mọ́ kedere, wọ́n bù ú mu. Ẹ̀rù ń bà mí ṣá. Àbí ká máa sè é ni?

BàbáKàbà: Ọmọ mi, a ti ń mu omi odò kí wọ́n tó bí ẹ. Ẹ sè é, ó parí.

Awakùsà_tẹ́lẹ̀: Ẹ má bínú o bàbá, mi ò gbà. Mo bá wọn ṣe iṣẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀rùn kan. Mẹ́kúrì la fi ń kó góòlù jọ, ó máa ń yí gbirigbiri látẹ́lẹwọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ fàdákà, a ó fi aṣọ fún un, a ó gbé èyí tó kù sórí iná, èéfín ẹ̀ là ń fà símú, omi tá a fi fọ̀ ọ́ sì ń padà sódò. Álọ́ọ̀mù á mú ẹrẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó ti yòrò sómi ńkọ́? Tó bá jẹ́ òjé (lead) tó ń wà nínú òkúta góòlù míì ni, bẹ́ ẹ ṣe ń sè é lomi ń gbẹ tí òjé ń kù síbẹ̀. Mẹ́kúrì tún ń wọnú ẹja, ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja ló ń ní in jù, àwọn àrọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn náà ni o. Ẹ rántí Zamfara ní 2010, inú agboolé ni wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù tó ní òjé, ọmọdé tó lé ní 400 ló kú.

AráẸ̀gbẹ̀: Kì í ṣe àwọn awakùsà kéékèèké nìkan ló ń ba omi jẹ́ o. Ní Zambia, February 2025, ògiri tó dá ìdọ̀tí kùsà bàbà dúró já, ásíìdì ṣàn wọ odò Kafue, ẹja kú lọ bẹẹrẹ, wọ́n ti omi ẹ̀rọ pa nílùú Kitwe. Òfin kùsà 2007 tiwa níbí ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ba omi jẹ́, ẹni tó gba ìwé àṣẹ sì gbọ́dọ̀ bá ìlú ṣàdéhùn kó tó gbẹ́lẹ̀. Ẹ ní kí baálẹ̀ bèèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ wọn, bí wọn ò bá ní in, ẹ ti mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

ỌmọYàgbà: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pe Màmá, wọ́n ní àwọn á máa gbe òjò, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ látàná ṣì wà lódò, wọ́n ní ta ló máa lọ da agbọ̀n mẹ́ta nù.