"Iná mímọ́" kọ́ o

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlọrin ní kí a pe sísun epo tàbí èédú nínú ọ́síjìn, dípò nínú afẹ́fẹ́ lásán, ní "iná mímọ́" nínú ìwé pẹlẹbẹ tí a fẹ́ ṣe fún àwọn ará wa lágbègbè ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Obajana. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn.

Iná náà ò mọ́. Kábọ́ọ̀nù inú èédú ṣì ń di kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáídì (CO2) bó ṣe ń dà tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èéfín rẹ̀ ṣeé kó. Náítírójìn gba nǹkan bí 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ọ́síjìn ò ju 21 lọ. Bí wọ́n bá fi irú afẹ́fẹ́ yìí dáná, náítírójìn ni yóò kún inú èéfín, CO2 á wà láàárín rẹ̀ bí ẹmu tí wọ́n bomi là. Bí wọ́n bá ti yọ náítírójìn kúrò kí iná tó ràn, CO2 àti oru omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń jáde. Wọ́n á mú un tutù, omi á kán sílẹ̀, wọ́n á wá ti CO2 tó ṣẹ́ kù bọ inú àpáta nísàlẹ̀ ilẹ̀. Bí wọn ò bá tì í bọ̀ ọ́, ojú sánmà náà ló ń lọ. Mímọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ti sìmẹ́ńtì tiẹ̀ tún le: nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún CO2 rẹ̀, ara òkúta ẹfun tí wọ́n ń sun ló ti ń jáde, kì í ṣe ara epo rárá.

Orúkọ mìíràn tí wọ́n dábàá, "Ìfọ́síjìndáná", dùn létí. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan ní Kubwa bá ní òun ń fi èédú dáná, èédú ló ń jó. Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n fi ọ́síjìn dáná á ní ọ́síjìn ni epo. Ọ́síjìn kì í jó, ó ń mú nǹkan jó ni. Àwọn wẹ́dà Apo ò ní ṣì í mọ̀: kábáìdì ló ń pèsè gáàsì tó ń jó, ti sìlíńdà ọ́síjìn ni kí iná náà gbóná débi tí irin á fi yọ́.

Àwọn kan dábàá "iná aláìlábùlà". Ìyẹn sún mọ́ ọn, àmọ́ ọ́síjìn nìkan á mú iná gbóná kọjá agbára ìléru, ni wọ́n fi ń dá lára èéfín náà padà sínú rẹ̀. Àbùlà ṣì wà, ti inú ilé ni.

"Iná" gan-an ń kọ mí lóminú. Níbi tí gbogbo wa ti ń bi ara wa pé "ṣé wọ́n ti mú iná wá?", ta ni kò ní rò pé mànàmáná là ń sọ? Pàápàá tó jẹ́ pé mànàmáná rẹpẹtẹ ni yíyọ ọ́síjìn lára afẹ́fẹ́ ń jẹ.

"Ìdáná-nínú-ọ́síjìn" ni tèmi. "Nínú" ló ń ṣe iṣẹ́ tí "fi" ò lè ṣe. Kí atẹ̀wé ṣáà má gbàgbé àmì ìparí "ìdáná" o, kí a má lọ fi ìdána ránṣẹ́ sí Obajana.