Àpá iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ lójú ọ̀dọ́: báwo ni ẹ ṣe ń bá a gbé?

Ọmọ Èbúté Mẹ́ta béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ọdún 23 ni mí, àfín ni mí, Èbúté Mẹ́ta ni mò ń gbé, mo sì ń bá ọ̀gá mi ta léèsì ní ọjà Balógun ní Erékùṣù Èkó. Egbò kan yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún lábẹ́ ojú, ó máa ń gbẹ díẹ̀, á tún ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní eéwo lásán ni, títí nọ́ọ̀sì kan fi ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí wọ́n ti gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, tí wọ́n sì sọ fún mi pé jẹjẹrẹ awọ ara ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n sì mú awọ láti ẹ̀yìn etí mi lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀. Dókítà ní àyẹ̀wò fi hàn pé kò sí jẹjẹrẹ kankan ní etí ibi tí wọ́n gé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé aláìmoore ni mí.

Ojú mi ló ń dà mí láàmú. Egbò yẹn kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n awọ tí wọ́n lẹ̀ yìí fẹ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, etí rẹ̀ pọ́n, ó le, ó wú díẹ̀, ó sì dà bíi pé ó ń fa ìpéǹpéjú mi ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Àwọn oníbàárà kì í tíì fọwọ́ kan léèsì tí wọ́n á ti béèrè bóyá iná ló jó mi tàbí ọkọ ló lù mí. Nínú dáńfó láti Òyìngbó, ẹnìkan dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ jókòó sẹ́yìn. Ọ̀gá mi, tí kì í ṣe èèyàn búburú, ti ní kí n máa wà ní yàrá ẹ̀yìn kí n máa ka ọjà. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ní òun kò fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ ẹni tí jẹjẹrẹ ti wà lára rẹ̀, pé yóò kó ran àwọn ọmọ. Nígbà tí ìyá tèmi fẹ́ tù mí nínú, wọ́n ní ojú àpá kì í jọ ojú ara, pé kí n gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì lè gbà á.

Ṣé báyìí ni àpá náà yóò ṣe wà títí? Ẹ̀yin tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí nígbà èwe, báwo ni ẹ ṣe ń dá àwọn èèyàn lóhùn tí ẹ kì í fi í sunkún délé? Ṣé ó sì yẹ kí n máa fi àtíkè bò ó?

Nọ́ọ̀sì Sùúrùlérè fèsì pé:

Àbúrò mi, o kú ewu, o sì kú ìfaradà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tún ojú àti ara ṣe, nítorí náà jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí àpá náà fúnra rẹ̀, kí àwọn tó kù wá sọ̀rọ̀ lórí ẹnu ayé.

Ìdí tí ojú ibẹ̀ fi tóbi ju egbò lọ ni pé oníṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ gé ibi tí ojú rí nìkan. Irú jẹjẹrẹ awọ tó wọ́pọ̀ jù lára àwọn àfín ní ilẹ̀ Áfíríkà, squamous cell carcinoma, lè ta gbòǹgbò lábẹ́ awọ kọjá ibi tí egbò hàn dé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń gé awọ tó dára mọ́ ọn yí ká, bíi mìlímítà 4 sí 6 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí egbò bá fẹ̀ tó mìlímítà 10, ojú ibi tí wọ́n gé lè fẹ̀ tó mìlímítà 20. Gbogbo fífẹ̀ tó ń dùn ọ́ yẹn ni wọ́n fi dènà kí ó má padà wá.

Ní ti bóyá báyìí ni yóò ṣe wà, rárá. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, àpá máa ń pọ́n, ó máa ń le, ó sì máa ń yún. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tí yóò sì máa tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì lè gba oṣù 12 sí 18 kí ó tó dúró sójú kan. Kò ní pòórá, mi ò ní tàn ọ́, ṣùgbọ́n ojú tí o ń rí nínú jígí lónìí kọ́ ni èyí tí wàá rí ní àmọ́dún. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti pa dé pátápátá, tí dókítà rẹ sì ti fọwọ́ sí i, fi ìka tó mọ́ àti fasilíìnì lásán máa wọ́ ọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí o tẹ̀ ẹ́ débi tí wàá fi mọ̀ ọ́n lára ṣùgbọ́n tí kò ní dùn ọ́. Béèrè nípa sílíkónì pẹ̀lú, yálà èyí tí wọ́n ń pa tàbí èyí tó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpá. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wà lára fún wákàtí 12 ó kéré tán lójúmọ́, fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kí èèyàn tó lè sọ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Bí etí àpá bá ń wú sí i, tó ń kọjá ààlà ọgbẹ́, keloid nìyẹn, ó sì wọ́pọ̀ lára àwa ènìyàn Áfíríkà. Abẹ́rẹ́ triamcinolone tí wọ́n ń gún sínú àpá lè mú un rọlẹ̀, àmọ́ ọwọ́ dókítà tó mọ iṣẹ́ náà ni kí o ti gbà á.

Ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni ìpéǹpéjú yẹn. Awọ tí wọ́n lẹ̀ máa ń súnkì bó bá ti ń jinná, bó bá sì wà lábẹ́ ojú, ó lè fa ìpéǹpéjú wálẹ̀ débi tí ojú kò ní pa dé dáadáa mọ́. Bí ojú náà bá ń ṣomi, tó ń ta ọ́, tàbí tí àwọn ará ilé bá rí i pé ó ṣí sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí o bá ń sùn, má dúró de oṣù kankan, padà sọ́dọ̀ wọn kíákíá, torí ó ṣeé tún ṣe, ẹyin ojú tó bá gbẹ títí sì lè bàjẹ́. Àwọn dókítà tó ń ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbòbí, àti ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà.

Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìpara tí wọ́n fi ń bóra fún ọ pé yóò mú kí àwọ̀ náà dọ́gba. Nínú wọn ni a ti ń rí steroid líle, hydroquinone àti mercury. Awọ tí oòrùn ti fìyà jẹ láti kékeré kò yẹ lóhun tí a tún ń sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Tíṣà Agége fèsì pé:

Arábìnrin mi, àfín ni èmi náà, ẹ̀bátí òsì ni tèmi wà, mi ò sì tíì pé ọmọ ọdún 30 nígbà tí wọ́n gé e. Wọn kò lẹ awọ mọ́ tèmi, ńṣe ni wọ́n rán an pọ̀, àpá rẹ̀ sì gùn tó ìlọ́po mẹ́ta ìbú ibi tí wọ́n gé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gé e kí etí méjèèjì lè pàdé láìrú sókè. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń rò ní Èkó nípa ọkùnrin tí àpá gígùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Mo ti rí èrò ọkọ̀ tó di àpò rẹ̀ mọ́ra nígbà tí mo jókòó tì í.

Ìtàn James Partridge ló ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, iná ọkọ̀ jó o lójú ní 1970 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 18, ó sì dá ẹgbẹ́ Changing Faces sílẹ̀ ní 1992 fún àwọn tí ojú wọn yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ yẹn ń kọ́ni pé kí èèyàn ti ní gbólóhùn kan nílẹ̀: kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kúkúrú, kí ó fi ọkàn ẹni tó béèrè balẹ̀, kí ó sì darí ọ̀rọ̀ síbòmíràn kí ẹni náà tó rí àyè bi ìbéèrè kejì. Ní Balógun, mo rò pé yóò dún báyìí: “Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún mi, mà, ara mi ti yá, kì í ranni. Ṣé funfun lẹ fẹ́ ni, àbí aláwọ̀ ewé?” Ẹ máa sọ ọ́ sókè nílé títí ohùn yín kò fi ní máa gbọ̀n mọ́, kí ẹ sì máa wo ojú oníbàárà bí ẹ bá ń sọ ọ́, nítorí bí a bá gbójú sílẹ̀, wọ́n á rò pé nǹkan ìtìjú la fi pamọ́. Ẹ kò jẹ ẹni tó wá ra yáàdì márùn-ún ní ìtàn ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi nìkan ni mo máa ń sọ gbogbo rẹ̀ fún, torí wọ́n ń béèrè láti mọ̀ ni, wọn kì í béèrè láti fi káàánú mi, bí wọ́n bá sì ti gbọ́ pé oòrùn ló fà á, àwọn gan-an ni wọ́n ń rán mi létí fìlà mi. Ẹni tó dìde nínú dáńfó, ẹ jẹ́ kó máa dìde.

Ọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀yìn ni mi ò fara mọ́. Ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù, ẹ béèrè bóyá ẹ̀yin ni wọ́n ń dáàbò bò tàbí ọjà wọn. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 lórí àwọn tó ní ìpèníjà ara ló dá LASODA, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn, sílẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 sì ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí ìpèníjà ara léèwọ̀. Mi ò ní kí ẹ gbé ọ̀gá yín lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ kì í sọ̀rọ̀ bí alágbe. Ní ti àtíkè, èmi kì í bò ó, mo fẹ́ kí ojú àwọn èèyàn mọ́ ọn.

Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó fèsì pé:

Ọmọ mi, Ọlọ́run yóò fún ọ ní ìtùnú. Dúdú ni mí, dúdú ni bàbá àwọn ọmọ mi, ọmọ wa kejì sì jẹ́ àfín. Nígbà yẹn ni wọ́n ṣàlàyé fún wa pé àti bàbá àti ìyá ló gbọ́dọ̀ gbé e nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó lè bí àfín, àti pé bí àfín bá fẹ́ ẹni tí kò gbé e rárá, àwọn ọmọ wọn kò ní jẹ́ àfín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ni yóò gbé e nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ti jẹjẹrẹ yìí, oòrùn ló fà á, torí awọ yín kò ní àwọ̀ tó ń dáàbò bo tiwa. Kì í ran ọkọ, kì í sì í ran ọmọ. Mú àfẹ́sọ́nà rẹ lọ bá dókítà kí ó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀, kí òun náà sì lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Òun ni kó lọ, kì í ṣe ìwọ. Ọkùnrin tó bá ní kí o dá lọ gbèjà ojú rẹ níwájú ìyá òun, tún un wò dáadáa kí ó tó gbé igbá ìyàwó wá.

Mo mọ ohun tí ìyá rẹ ní lọ́kàn, ìyá ni èmi náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti yá jù. Ojú tí o ti ń wò nínú jígí láti kékeré ti yí padà, ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí o ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ná. Ẹkún rẹ kì í ṣe àìmoore. Tíṣà ní àwọn kì í bò ó, ọkùnrin ni wọ́n. Bí ọjọ́ òde bá pé, tí o sì fẹ́ kun ojú rẹ, kun ún, kí o wé gèlè rẹ bó ṣe wù ọ́. Bí kò bá wù ọ́ lọ́jọ́ kejì, fi ojú rẹ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Sùúrùlérè fèsì pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìyá wa, àmọ́ ojú ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ ti jinná pátápátá kí àtíkè tó kàn án, àtíkè kì í sì í ṣe ààbò oòrùn. Ìpara ààbò oòrùn tí wọ́n kọ SPF 30 (ìwọ̀n ààbò rẹ̀) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára ni kí o kọ́kọ́ fi pa ojú, etí àti ọrùn, kí o sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì bí o bá wà níta. Ó tún kù fìlà tó fẹ̀ létí yí ká bí àkẹtẹ̀, agboòrùn, àti yíyẹra fún oòrùn aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bó bá ti ṣeé ṣe tó. Kódà bí òjò bá ṣú, ìtànṣán tó ń ba awọ jẹ́ ṣì ń gba inú ìkúukùu kọjá. Má ṣe pa ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ jẹ. Egbò tuntun tí kò bá jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ibi tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ láìnídìí, tàbí kókó tó bá yọ lábẹ́ àgbọ̀n tàbí lọ́rùn, kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ.

Ọmọ Èbúté Mẹ́ta fèsì pé:

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Lóòótọ́ ni ojú mi ń ṣomi, mo rò pé eruku ọjà ni. N ó lọ sí Ìgbòbí lọ́sẹ̀ yìí. Mo ti bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn rò pé ìbéèrè àwọn oníbàárà ló ń bà mí nínú jẹ́ ni, wọ́n sì ti gbà kí n padà síwájú ṣọ́ọ̀bù, bí mo bá ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kì í dé. Àfẹ́sọ́nà mi kò tíì sọ bóyá òun yóò bá mi lọ rí dókítà. Kí ni kí n mú dání lọ sí Ìgbòbí?

Nọ́ọ̀sì Sùúrùlérè fèsì pé:

Mú ìwé àbájáde àyẹ̀wò ohun tí wọ́n gé, ìwé iṣẹ́ abẹ bí wọ́n bá fún ọ, àti àwòrán ojú rẹ lórí fóònù láti ìgbà tí wọ́n ti tú báńdéèjì títí di ìsinsìnyí, kí wọ́n lè rí bí ìpéǹpéjú ṣe ń wálẹ̀ sí. Sọ fún wọn ní ẹnu ọ̀nà pé ojú kan ń ṣomi, bí kò bá sì ń pa dé, sọ ìyẹn pẹ̀lú, kí wọ́n má bàa dá ọjọ́ tó jìnnà fún ọ.